Ìbéèrè Kẹfà: ẹ jẹ́ kí á ka ìwé ìdìbò kí á tó bẹ̀rù rẹ̀

Lanham, Ìpínlẹ̀ Maryland, Amẹ́ríkà
Oṣù kẹwàá, ọdún 2012

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ìdìbò ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ni ó mú mi kọ̀wé sí yín. Lọ́jọ́ náà ni àwa ará Maryland yóò sọ bóyá kí òfin tí Gómìnà Martin O'Malley buwọ́ lù ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún yìí, èyí tí ó gba ọkùnrin láyè láti fẹ́ ọkùnrin, tí ó sì gba obìnrin láyè láti fẹ́ obìnrin, fẹsẹ̀ múlẹ̀ tàbí kí ó di òfo. Ìbéèrè Kẹfà ni wọ́n pè é nínú ìwé ìdìbò. Láàárín àwa Yorùbá tí a ti di ọmọ onílùú níbí, ìpayà tí ó dá sílẹ̀ ju ti ìdíje ààrẹ láàárín Obama àti Romney lọ, ohun tí ó sì ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú ìpayà náà kò sí nínú ohun tí a kọ sórí ìwé náà rárá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo bá àwọn ìyá kan níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n tẹ́ ìwé àpẹẹrẹ ìdìbò sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyá àgbà kan nínú wọn bi mí pé, “Mo ti buwọ́ lùwé tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà kan. Ẹni tó bá ti buwọ́ lu ìyẹn, ‘mo fara mọ́ ọn’ náà ni yóò tẹ̀, àbí?” Rárá o. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbé kiri nígbà náà, tí ó nílò ìbuwọ́lù 55,736 tí ó sì rí ju 100,000 lọ, ni àwọn tí kò fẹ́ òfin yìí fi gbé e wá síwájú àwa olùdìbò. Ẹni tí ó buwọ́ lu ìwé yẹn ń tako òfin náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ “mo fara mọ́ ọn” lójú ẹ̀rọ ìdìbò, òfin náà ni ó gbè lẹ́yìn. Ní California lọ́dún 2008, òdìkejì ni: ẹni tí ó dáhùn pé “bẹ́ẹ̀ ni” sí Àbá Kẹjọ ń sọ pé kí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ dópin. Kí ẹni tí ó ní ẹbí ní Los Angeles má ṣe fi tibẹ̀ wo tibí.

Wọ́n tún ń sọ káàkiri pé bí òfin yìí bá ti wọlé, ìjọba yóò ti pásítọ̀ tí ó bá kọ̀ láti so ọkùnrin méjì pọ̀ mọ́lé. Mo rọ ẹni tí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó ka ìbéèrè náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó sọ nípa gbígba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó lọ́wọ́ ìjọba. Gbogbo èyí tí ó kù, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni: pé a kò lè fipá mú àlùfáà kankan ṣe ìgbéyàwó tí ó lòdì sí ìgbàgbọ́ rẹ̀, pé ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ni yóò máa pinnu ẹni tí ó lè gbéyàwó lábẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti pé kò pọndandan fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn láti pèsè ohunkóhun fún ayẹyẹ tí wọn kò gbà gbọ́.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbéyàwó kóòtù, ti ṣọ́ọ̀ṣì, yìgì àti ìdána. Ta ni nínú wa tí kò mọ tọkọtaya tí wọ́n ti buwọ́ lùwé ní Ìkòyí, tí ẹbí obìnrin ṣì ń sọ pé àwọn kò tíì fọmọ fẹ́nikẹ́ni, títí di ọjọ́ tí iṣu, iyọ̀, oyin àti orógbó dé iwájú alága ìjókòó? Ìwé tí akọ̀wé kóòtù ní Upper Marlboro, olú-ìlú káúńtì wa, bá fún ènìyàn kò lè mú kí ìjọ wa sọ ọ́ di tọkọtaya, kò sì lè mú ààfáà so yìgì fún un. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn sì ti wà láàárín wa tipẹ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2010 ni Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ti ń fún wọn níwèé ìgbéyàwó, ẹni tí ó bá sì ti sọdá títì Eastern Avenue tó wà ní ààlà wa ti dé ibẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Maryland dájọ́ pé kóòtù wa lè tú ìgbéyàwó tí obìnrin méjì ti ṣe ní California ká, nítorí pé ìgbéyàwó ni.

Ìpayà kan wà tí n kò lè fọwọ́ rọ́ tì, ìyẹn ni ti ẹni tí ń bẹ̀rù pé ohun tí òun bá sọ yóò kó bá òun. Lóṣù yìí gan-an ni Yunifásítì Gallaudet ní kí òṣìṣẹ́ àgbà kan lọ dúró sílé ná, nítorí pé wọ́n rí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí ó buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, aṣòfin Emmett Burns ti kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Baltimore Ravens pé kí ó pa Brendon Ayanbadejo lẹ́nu mọ́, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, nítorí pé ó ń sọ ní gbangba pé òun fara mọ́ òfin náà. Ìyẹn náà kò dára, Burns fúnra rẹ̀ sì padà gbà pé agbábọ́ọ̀lù náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bi mí bóyá ìbò àwọn yóò di ẹ̀sùn sí àwọn lọ́rùn bí àwọn bá délé, nítorí àbá òfin tí ó lòdì sí irú ìgbéyàwó yìí, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábùjá fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, tí ó gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 dání. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ ń wà lára rẹ̀. Ìbò kò lórúkọ. Pásítọ̀ kò lè mọ ohun tí ẹ tẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò lè mọ̀ ọ́n, ọkọ tàbí aya yín náà kò lè mọ̀ ọ́n.

Kí n má baà jọ ẹni tí ń fọ̀rọ̀ pamọ́, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ láti kékeré yóò dìbò kí òfin náà dúró. Kóòtù kì í ṣe ti ìjọ mi nìkan. Ìlú yìí fún èmi àjèjì àná ní ìwé ọmọ onílùú láìbi mí léèrè ẹ̀sìn tí mò ń ṣe, n kò sì rí ìdí tí èmi yóò fi dúró sẹ́nu ọ̀nà kóòtù náà máa lé ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ mi ni kò gbà pẹ̀lú mi, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi di ìgbàgbọ́ wọn mú. Ẹni tí ó bá ti ka ìbéèrè náà tán kí ó tó takò ó, n kò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Ṣùgbọ́n pé kí wọ́n dúró lórí pẹpẹ kí wọ́n máa fi ohun tí kò sí nínú òfin dẹ́rù ba àwọn àgbàlagbà, èyí ni n kò lè gbà.

Mo ń bẹ yín, Olóòtú, ẹ bá wa tẹ ìbéèrè náà jáde lódindi ní èdè Yorùbá kí ó tó di ọjọ́ 27 oṣù yìí, tí àwọn ibùdó ìdìbò ṣáájú ọjọ́ yóò ṣí, nítorí kò sí Yorùbá lórí ìwé ìdìbò wa. Ẹ sì fi kún un pé òfin ìjọba àpapọ̀ gba ẹni tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì láyè láti mú ẹni tí ó fọkàn tán wọlé kí ó ràn án lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ rẹ̀ tàbí aládùúgbò, bí kò bá sáà ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùdìbò kan ní Lanham