Ẹ̀bẹ̀ Pé Kí Ìwé Títẹ̀ Má Kúrò Lọ́wọ́ Ọmọ Iléèwé Ìjọba

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Nípasẹ̀ Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́,
Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé, adìwé àti òǹtàwé, Òṣogbo.

Alága wa, a kí yín, a kí gbogbo ìgbìmọ̀ yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ọ̀rọ̀ tó kó wa jọ ni èyí tí à ń gbọ́ nígboro, pé ẹ̀rọ ìkàwé táblẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ máa pín fún àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé rírà ìwé títẹ̀ yóò dópin díẹ̀díẹ̀. À ń bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. A kò fi pamọ́ fún yín pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wa wà. Ṣùgbọ́n àwọn iléèwé yìí náà ni ọmọ tiwa ń lọ, òbí sì ni wá kí a tó jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́.

A kò bá ẹ̀rọ jà. Kọ̀ǹpútà là ń fi to ìwé lónìí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti pa lẹ́tà òjé tí àwọn ọ̀gá wa ń fọwọ́ tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tì. Nígbà tí Gómìnà Rauf Aregbesola gbé táblẹ́ẹ̀tì Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú ohun kan ṣoṣo tí ọmọ SS lè gbé lọ́wọ́. Èrò rere ni. Àmọ́ bí gbogbo ìwé bá wà nínú ẹ̀rọ kan, ọjọ́ tí ojú ẹ̀rọ náà bá fọ́, tàbí tí báátìrì rẹ̀ bá kú, ìṣirò lọ, Gẹ̀ẹ́sì lọ, Yorùbá náà bá wọn lọ. Ọwọ́ ọmọ ọdún méje la sì fẹ́ kó o lé báyìí, nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì tí kò ní ibi tí èèyàn lè ki wáyà iná sí. Ẹ rántí pé lọ́dún 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá wo ìwé títẹ̀ tó bàjẹ́. Bí ẹ̀yìn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ Púrámárè Kẹta bá ya, adìwé á ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, á to ojú ewé bó ṣe tẹ̀ léra, á fi abẹ́rẹ́ ńlá gún etí rẹ̀, á fi òwú tó nípọn rán an, á fi páálí tuntun ṣe èèpo rẹ̀, á wá gbé ẹrù wúwo lé e mọ́jú. Bílẹ̀ bá mọ́, ó ti tún dúró. Àbúrò á fi kàwé, ọmọ ará ilé á tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba fúrídọ́ọ̀mù pàápàá lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ owó ló le níbẹ̀, a ò sì ní purọ́ fún yín: ìwé títẹ̀ ti wọ́n. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ iléeṣẹ́ pépà sí Jẹ́bà, Iwopin àti Oku Iboku, síbẹ̀ kò sí èyí tó ń fún wa ní pépà ìwé kíkà. Òkè òkun là ń retí rẹ̀, láti ìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, ojú wa ti rí. Ṣùgbọ́n òkè òkun kan náà ni táblẹ́ẹ̀tì ti ń bọ̀, dọ́là náà ni wọ́n ń fi rà á. Ti pépà, owó pépà ló jáde. Owó títò, títẹ̀, gígé àti rírán á kù sílùú. Ti táblẹ́ẹ̀tì, kí ló kù sílé?

Orílẹ̀-èdè Sweden, tí iná kì í ṣe ìṣòro wọn, ya 685 mílíọ̀nù owó krona sọ́tọ̀ ní 2023 kí ìwé títẹ̀ lè padà sọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Ní 2025, ilé aṣòfin Gúúsù Kòríà sọ ìwé orí ẹ̀rọ tó ń lo AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) di àfikún lásán, lẹ́yìn oṣù mélòó kan péré tó wọ kíláàsì.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì ní ìwé títẹ̀ fún ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti sáyẹ́ǹsì. Kí táblẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ olùkọ́ àti ní iléèwé girama, níbi tí ìbéèrè ìdánwò ti wúlò. Kí iṣẹ́ rẹ́jísítà àti ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá máa wá sọ́dọ̀ wa dípò kó máa kọjá lọ sílùú mìíràn. Ìwé tí ẹlòmíràn ní àṣẹ lórí rẹ̀, a kì í tẹ̀ ẹ́ láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá ṣe é nínú wa, ẹgbẹ́ á lé e.

Nínú ìsinmi gígùn tó ń bọ̀, ẹ kó àwọn ìwé tó ya ní iléèwé yín wá. Ẹ ra gọ́ọ̀mù, òwú àti páálí. A ò ní gba owó iṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́. Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn lórí táblẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá sípàdé, àwa àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́.

Àwa ọmọ ìlú yín,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.