Ẹ̀sùn lórí lébẹ́ẹ̀lì sóbò 2,000 tí ẹ tẹ̀ fún mi

Àdúgbò Ìgbọ̀nà,
Òṣogbo.
Ọjọ́ 9, oṣù Keje.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ìyá oní-sóbò tó wá sí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tó san ₦95,000 fún lébẹ́ẹ̀lì. Mo fún ọmọkùnrin tó ń bá yín ṣe dìsáìnì ní bébà tí mo fọwọ́ ara mi kọ, gbogbo ohun tí NAFDAC ní ó gbọ́dọ̀ wà lára ìgò ló wà nínú rẹ̀. Ó yà á ní fọ́tò lójú mi. Àfi bíi pé inú fóònù yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kú sí.

Mi ò ní purọ́, iwájú rẹ̀ rẹwà. Òdòdó ìsápá tó yà síbẹ̀ pọ́n dáadáa. Iwájú yẹn nìkan náà ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp tí mo fi ní kó máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀rọ̀ wà, mi ò rí i títí ẹrù fi délé.

Ìgò 60 ni mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí ọmọ mi obìnrin tó ka ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi létí. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tèmi! Mo pe ọmọkùnrin yín, ó ní orí iṣẹ́ oníbàárà kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ni òun ti ṣe tèmi, òun gbàgbé láti pa nọ́ńbà ti onítọ̀hún rẹ́. Ó ní kí n má bínú. Bí wọ́n bá ká a mọ́ mi lọ́wọ́ ní Ọjà Ọba ńkọ́, ta ni yóò gbà pé èmi kọ́ ni mo jí nọ́ńbà olónọ́ńbà?

Àpótí funfun kékeré ni mo ní kó fi sílẹ̀, kí n lè máa fi òǹtẹ̀ lu batch number, ọjọ́ tí mo sè é àti ọjọ́ tí kò ní ṣeé mu mọ́, torí ìsè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ tẹ ọjọ́ kan ṣoṣo mọ́ gbogbo 2,000. Sóbò tí mi ò tíì sè ti ní ọjọ́ ikú.

Ohun tó pọ̀ jù ló yẹ kó ṣáájú nínú èròjà: omi, ìsápá, ọ̀pẹ̀yìnbó, ṣúgà, ata ilẹ̀, kànáfùrù. Kànáfùrù lẹ fi ṣáájú, omi ò sí níbẹ̀ rárá. Ta ló ń se sóbò láìlómi? 50cl tí mo kọ ò sí níbẹ̀, àdírẹ́sì mi sì di "Òṣogbo" lásán, bí ẹni pé èmi nìkan ló ń gbé ìlú.

Ẹ wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ta ló rán yín? Ohun mímu ni mò ń tà, mi ò kì í ṣe oníṣègùn, NAFDAC ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọ irú ẹ̀ sára ohun mímu.

Mo ní kí ẹ fi Yorùbá díẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀: "Ẹ gbọn ìgò kí ẹ tó mu ún." Ohun tó jáde ni "E gbo igo". Ọmọ aládùúgbò mi bi mí pé ṣé kí òun máa gbó mọ́ ìgò bí ajá ni.

Òru ọjọ́ náà ni mo fi omi gbígbóná bó ti ara ìgò 60 yẹn, gọ́ọ̀mù ṣì wà ní abẹ́ èékánná mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò ta ẹyọ kan.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, kí ẹ sì fi iwájú àti ẹ̀yìn hàn mí lórí bébà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá ₦95,000 mi padà láàárín ọjọ́ 7, kí n wá ẹlòmíì, torí oṣù Kẹjọ tí í ṣe oṣù ọdún Ọ̀ṣun ti dé tán, ìgbà yẹn ni ọjà mi ń yá jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nọ́ńbà onítọ̀hún rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yín kó tó bọ́ sára ọjà ẹlòmíì.

1,940 tó kù wà nínú páálí yín. Màá gbé e wá ní ọjọ́ Ajé.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, ìyá oní-sóbò.