Ilẹ̀kùn tá a kàn, tá ò padà sí

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, fọ́tò tẹ́ ẹ gbé sójú ewé àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò. Fọ́tò èrò níbi ràlí. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé pápá ò gbèrò, pé ẹni tó bá rí èrò yẹn ti mọ ẹni tó máa wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti dúró láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀ rí, mo dé fìlà ẹgbẹ́, oòrùn pa mí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo sì mọ ohun tí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn gbà lọ́wọ́ wa.

Télọ̀ ni mí, Òṣogbo ni mo ń gbé. Nígbà ìdìbò gómìnà ọdún 2018 mo yọ̀ǹda ara mi fún ẹgbẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, pé màá máa lọ láti ojúlé dé ojúlé ládùúgbò wa bá wọn tọrọ ìbò. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún mi, mi ò sì béèrè. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ màá ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi la jọ máa ń lọ, torí tí ọkùnrin bá lọ lóun nìkan, ilé tí baálé ò bá sí wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún un, tí obìnrin bá sì dá lọ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìwé àjákọ kan ló wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mò ń kọ, òun ló ń sọ̀rọ̀ jù torí ẹnu ẹ̀ tutù.

Ẹni tí ò bá ṣe é rí máa rò pé kéèyàn kàn kan ilẹ̀kùn, kó ní ẹ dìbò fún lágbájá, kó máa lọ. Rárá o. Lọ́dọ̀ tiwa, "àgò onílé o" lo máa kọ́kọ́ ké, tí wọ́n bá dáhùn pé "àgò yà" o máa kí wọn kú ìrọ̀lẹ́, tó bá jẹ́ àgbà o dọ̀bálẹ̀, wọ́n á bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́, agboolé wo, tí wọ́n bá wá rí i pé àwọn mọ bàbá ẹ tàbí pé ìwọ lo rán aṣọ iléyá fún ọmọ àwọn, ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó sún àpótí sí ẹ. Ilé kan lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Láti aago mẹ́rin títí tílẹ̀ máa fi ṣú, ilé mẹ́fà tàbí méje, ó tán nìyẹn.

Tá a bá wọ ilé mẹ́wàá, nínú bíi mẹ́jọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi wá ni pé "kí lẹ mú wá?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dìbò l'Ékìtì, ibẹ̀ ni "dìbò kó o sebẹ̀" ti gbòde, kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ọ́ṣun sì rèé, wọ́n ti gba ààbọ̀ owó oṣù títí ó fi sú wọn, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń retí owó tí ò dé, ta lèèyàn fẹ́ bá wí? A máa ń sọ fún wọn pé ọwọ́ lásán la wá. Àwọn kan pa ilẹ̀kùn dé. Bàbá onílé kan lé wa jáde pátápátá, ó ní àwọn kan ti wá ṣáájú wa tí wọ́n kọ nọ́ńbà káàdì ìdìbò àwọn ayálégbé òun sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì wọn, pé kí làwa náà fẹ́ wá kọ. Òótọ́ ló sọ, irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá dé ẹnu ọ̀nà yín tó ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà káàdì yín fóun, ẹ lé e, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ tiyín ló rán an.

Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí iṣẹ́ yẹn fi yé mi, ni pé tá a bá ti jókòó tán, tí ọ̀rọ̀ owó ti rọlẹ̀, tá a wá bi wọ́n pé "ṣé káàdì yín wà lọ́wọ́, ibo lẹ ti máa dìbò?", ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́. Ọ̀nà àtidébẹ̀ ni ò sí.

Màmá kan wà lẹ́yìn ilé wa tó ṣì ń rẹ aṣọ láró, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo. Bá a ṣe kí i tán ló ní, "Ọmọ mi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ẹ̀rọ wọn ò mọ̀ mí." Ó ní lọ́dún 2015 òun tò láti àárọ̀, nígbà tó kan òun, ẹ̀rọ ò gba ìka òun, wọ́n ní kóun gbé e sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbà á, làwọn ọmọdé tó wà lórí ìlà bá ń kùn pé màmá yìí ń dá àwọn dúró, lòun bá yíjú padà sílé. Ó na ọwọ́ sí mi kí n wò ó. Ìka ẹ̀ dú títí dé ọrùn ọwọ́, orí ìka ń dán bí òkúta odò, kò sí ilà kankan níbẹ̀ mọ́, omi eérú ti jẹ ẹ́ tán. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí màmá yẹn dìbò láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo ní, "Màmá, tí káàdì bá ti jẹ́ tiyín, tí orúkọ yín àti fọ́tò yín wà nínú ìwé wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ torí ìka dá yín padà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ dìbò." (Lónìí, BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, máa ń wo ojú èèyàn tí ìka ò bá gbà, torí náà ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ̀ ń ka lẹ́tà yìí, ẹ má torí ìka jókòó sílé.) A padà lọ kí màmá lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, tíṣà lọ mú un nílé, wọ́n jọ tò, ó sì dìbò. Mi ò bi í pé ẹgbẹ́ wo.

Ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ réluwé ni ò jẹ́ kí n sùn dáadáa dòní. Bàbá ti forúkọ sílẹ̀, pépà kékeré tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ṣì wà nínú Bíbélì ẹ̀, ó ti lọ gba káàdì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn ò rí i. Mo gba pépà yẹn wò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́ọ̀dù ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀, níbi tó ti forúkọ sílẹ̀, ló yẹ kó ti lọ gbà á, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè dá lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, lọ́jọ́bọ̀ màá mú ọ̀kadà wá, a jọ máa lọ." Ó ṣàdúrà fún mi, ó ní kí n má gbàgbé o. Mo kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àjákọ, mo kọ ọ́ síwájú ẹ̀: màá padà wá.

Lálẹ́ ọjọ́rú ni ẹgbẹ́ pè wá. Ràlí ńlá máa wà lọ́jọ́bọ̀, gbogbo àwa tá à ń lọ ojúlé dé ojúlé gbọ́dọ̀ wá síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà, kí pápá lè kún. Mo lọ. A dúró láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi sọ fún mi pé láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti fi bọ́ọ̀sì kó àwọn wá, ẹni tó wà lápá òsì ò ní káàdì rárá. Nígbà tí mo fi máa ráàyè padà sọ́dọ̀ bàbá, wọ́n ti kógbá gbígba káàdì sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 la dìbò. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Adémọ́lá Adélékè ti PDP ní 254,698, Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC ní 254,345. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ara wọn. 353. INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní ìdìbò ò tíì parí torí wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó méje, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 3,498, ó ju ìyàtọ̀ yẹn lọ fíìfíì. Wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 27, l'Órólù, Ifẹ̀ Gúúsù, Ifẹ̀ Àríwá àti Òṣogbo níbí, APC rí 1,160, PDP rí 325, bó ṣe yí padà nìyẹn, Oyètọ́lá wọlé pẹ̀lú 255,505 sí 255,023. Ìyàtọ̀ ìkẹyìn jẹ́ 482. Ẹjọ́ ẹ̀ rìn títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 2019 ló tó parí.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kéde 353 yẹn ni mo ṣí ìwé àjákọ mi. Ibi tí mo kọ "màá padà wá" sí, tí mi ò padà lọ, jẹ́ mọ́kànlá. Bàbá réluwé, ìyàwó ilé kan tí orúkọ ẹ̀ wà n'Íléṣà, ọmọ yunifásítì kan tí ò mọ ibùdó ẹ̀, àti àwọn yòókù. Mi ò mọ ẹni tí wọn ì bá dìbò fún, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n fẹ́. Àmọ́ Ọ̀ṣun ní ibùdó ìdìbò 3,010 nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá pín 353 sí i, kò ju ẹyọ ẹnì kan lọ nínú ibùdó mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ìwé àjákọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bíi tèmi ní gbogbo ìpínlẹ̀, ó ti ju 353 lọ nìyẹn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, mò ń ka orúkọ yẹn lọ ká bọ̀, n ò lè jẹun.

Kì í ṣe tiwa nìkan, ní Sókótó lọ́dún 2019 ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì tó díje gómìnà ò tó 350, ní Fúlọ́rídà l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 2000, ìbò 537 ló yanjú ẹni tó di ààrẹ gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn. L'Ọ́ṣun lọ́dún 2022 ìyàtọ̀ lé ní 28,000, mo rò pé ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbàgbé 2018, wọ́n ti tún padà sí ká máa ka èrò.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde ni pé kíkan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ò wúlò tó báwọn olóṣèlú ṣe rò. Ìgbà àkọ́kọ́ tó o lọ, wọ́n kàn ń wò ẹ́ ni, o ti gbọ́ ìṣòro wọn, o ti ṣèlérí. Ìgbà tó o padà lọ ni wọ́n máa tó gbà pé o ò wá tàn wọ́n. Màmá aláró dìbò torí pé a padà lọ. Bàbá réluwé ò dìbò torí pé mi ò padà lọ. Ẹgbẹ́ tó bá sì kó àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí fọ́tò lè dáa, ìbò ara ẹ̀ ló ń dà nù.

Torí náà ẹ̀yin Olóòtú, kàkà kẹ́ ẹ máa rán oníròyìn lọ síbi ràlí nìkan, ẹ rán ọ̀kan tẹ̀ lé àwọn tó ń lọ ojúlé dé ojúlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré, kó jókòó lórí àpótí pẹ̀lú wọn, kó gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Ẹ fi igun ojú ewé kan sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì àti béèyàn ṣe lè mọ ibùdó ẹ̀. Ẹ̀yin alága wọ́ọ̀dù, owó bọ́ọ̀sì kan tẹ́ ẹ fi ń kó èèyàn wá láti ìta, ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ládùúgbò yín, kí wọ́n fi gba ọ̀kadà fáwọn àgbà.

Bàbá réluwé ti kú, ọdún 2021 ni. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń gbénú ilé náà báyìí. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mi ò dé fìlà kankan, mo ké àgò, ó ní kí n wọlé. Ó ti forúkọ sílẹ̀, kò tíì gba káàdì, kò sì mọ ibi tó ti máa gbà á. A ti fi lélẹ̀ pé ọjọ́bọ̀ la jọ ń lọ. Mo ti sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Télọ̀ kan, Òṣogbo