Àdùkẹ́, ta ló kọ́ olùkọ́ rẹ?

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́ lánàá. Mi ò bínú. O ní ọkùnrin kan ní Pune, ní Íńdíà níbẹ̀, fẹ́ fún ọ ní diksha, ìyẹn ètò tí olùkọ́ fi ń gba ọmọ ẹ̀yìn wọlé, pé ọ̀nà tantra lòun ń kọ́ èèyàn, pé owó ilé oṣù mẹ́ta lòun ń gbà, àti pé kí o má sọ fún ará ilé. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gbé mi dìde lórí ìjókòó.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni wọ́n sọ tantra dà. Ó wà nínú rẹ̀ o, mi ò ní purọ́ fún ọ, àmọ́ apá kékeré ni nínú ohun tí àwọn ará Íńdíà ti ń kọ sílẹ̀ láti bí 1,500 ọdún: mantra, ìyẹn ọ̀rọ̀ mímọ́ tí wọ́n ń pè léraléra, àwòrán mandala, ìsìn àwọn òrìṣà wọn Shiva àti Shakti, títí dé ti ẹlẹ́sìn Búdà ní Tibet. Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Lédè Sanskrit, èdè àtijọ́ àwọn ará Íńdíà, òfì ni tantra, tàbí òwú tí a nà sórí òfì. Bàbá mi ìbá rẹ́rìn-ín! O rántí àgbàlá wọn ní Ìsẹ́yìn? Òwú á nà gbọọrọ láti ìdí òfì dé ìpẹ̀kun àgbàlá, òkúta á wà lọ́hùn-ún tó ń fà á kó má bàa dẹ̀. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́, títú òwú tó lọ́ pọ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ṣe é títí ìka á fi máa ta á.

Ní Tibet, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wo olùkọ́ fínnífínní, kí olùkọ́ náà wo akẹ́kọ̀ọ́, bó tilẹ̀ gba ọdún 12. Ìwé tantra kan tó ń jẹ́ Kularnava sọ pé olùkọ́ tó ń kó owó ọmọ ẹ̀yìn lọ pọ̀ bí nǹkan míì. Èyí tó ń kó ìrora rẹ̀ lọ ló ṣọ̀wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ o.

Mo mọ̀ pé awo wà níbẹ̀. Wọn kì í pariwo mantra, ọmọ awo Ifá náà sì lóhun tí kì í sọ. Àmọ́ gbogbo àdúgbò ló mọ ojúgbọ̀nà rẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nífá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni awo ń bò, kò gbọdọ̀ bo ìwà ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1994, kí wọ́n tó bí ọ, wòlíì kan ní kí n má sọ fún ìyá rẹ pé mo kó owó àjọ wá fún òun. Mi ò sọ. Owó wọgbó, ìyá rẹ kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù kan.

Bi ọkùnrin náà léèrè ẹni tó kọ́ ọ, àti ẹni tó kọ́ onítọ̀hún. Parampara ni wọ́n ń pe ìran olùkọ́ tó tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní in kì í bínú tí a bá bèèrè. Wá àwọn obìnrin tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, kí o gbọ́ tẹnu wọn. Bó bá ní kí ìwọ nìkan wá lálẹ́, má dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rárá.

Ìyá rẹ ti ń wọlé bọ̀ láti ọjà, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúde. Mo fẹ́ fi ohun tí o kọ hàn án kí a tó jẹun.

Bàbá rẹ