Àkànní, má tíì ta ọ̀pá gọ́ọ̀fù rẹ

Àkànní ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà, ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, mo kí gbogbo yín o.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyá rẹ náà gbọ́ ọ. O ní o fẹ́ ta gbogbo ọ̀pá gọ́ọ̀fù tí o fi ń gbá, tí o sì fi ń kọ́ni ní pápá Ilara, tòun ti báàgì, kí o dà á pọ̀ mọ́ owó alájẹṣẹ́kù, kí o fi ra mọ́tò tí wàá máa fi ṣe kábúkábú láti Akúrẹ́ sí Oǹdó. O ní ẹni ọdún 44 ò ní nǹkan tó ń wá lórí pápá mọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ogún ọdún ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá ibi tí ojú rẹ ń ríran dé. Mi ò fẹ́ fi fóònù dá ẹ lóhùn, torí táwa méjèèjì bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò ní pẹ́ tí o máa sọ pé “ẹ ṣé bàbá, mo ti gbọ́” tí ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó tẹ èyí, fara balẹ̀ kà á dópin kí o tó fèsì.

Mi ò ní kí o má wa mọ́tò o. Iṣẹ́ tó lérè ni, ọ̀pọ̀ ẹni tí mo mọ̀ l'Ókè Àró níbí ló fi kọ́lé. Ìdí tí o sọ yẹn ló dùn mí. Ọjọ́ orí kì í ṣàdédé lé èèyàn nídìí gọ́ọ̀fù, ara téèyàn ò tọ́jú ló máa ń léni, àti ọwọ́ tó ti gan tí kò fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun mọ́. Mo gbọ́ méjèèjì nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Orúnkún rẹ ń dùn ẹ́ látọdún tó kọjá o ò lọ ọsibítù, putting rẹ, ìyẹn títi bọ́ọ̀lù sínú ihò tó bá ti súnmọ́, bàjẹ́ o ò yí i padà, o wá ń pe gbogbo ẹ̀ ní ọjọ́ ogbó.

O mọ̀ pé bíríkìlà ni mí, mi ò gbá gọ́ọ̀fù rí láyé mi. Torí tìẹ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lórí fóònù, kí n lè mọ nǹkan tí ọmọ mi ń lé kiri, nígbà tó yá ó wá wọ̀ mí lára. Ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá kan, Bernhard Langer, ará Jámánì. Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Anhausen ni wọ́n bí i sí ní 1957, bíríkìlà ni bàbá ẹ̀ náà bíi tèmi. Àtikékeré ló ti ń ru báàgì fáwọn olówó kó lè rówó ná, bí ìwọ náà ṣe ṣe kádì n'Íkòyí nígbà tí o wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ l'Ékòó, ọmọ ọdún 15 ló sì fi iléèwé sílẹ̀ tó gbájú mọ́ iṣẹ́ gọ́ọ̀fù. Ó gba Masters, ọ̀kan nínú ìdíje gọ́ọ̀fù tó tóbi jù lágbàáyé, ní 1985, ó tún gbà á ní 1993. Ìyẹn nìkan ti tó fún ẹlòmíì láti lọ fẹ̀yìn tì sílé.

Ṣùgbọ́n nǹkan tó ṣe lẹ́yìn tó pé ọdún 50 ni mo fẹ́ kí o fojú sí. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ní ìdíje àwọn àgbà lọ́tọ̀, PGA Tour Champions ni wọ́n ń pè é báyìí, láti 1980 ló ti wà, o gbọ́dọ̀ pé ọdún 50 kí wọ́n tó gbà ẹ́ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi gbá a, ihò 54, kì í ṣe 72 bíi tàwọn ọ̀dọ́, nínú ọ̀pọ̀ ìdíje wọn kì í sì í já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ á gbá a parí á sì gba owó díẹ̀ dání lọ. Langer wọ ibẹ̀ ní 2007, ọdún tó pé 50 gan-an, ó sì gba ife lọ́dún náà. Látìgbà náà títí dé 2024, kò sí ọdún kan tí kò gba ó kéré tán ẹyọ kan, ọdún 18 gbáko nìyẹn láìfo ọ̀kan! Hale Irwin ni wọ́n ń fi ṣe òdiwọ̀n tẹ́lẹ̀, ife 45 lòun gbà láàárín àwọn àgbà. Nígbà tó di July 2023 Langer gba U.S. Senior Open, ìdíje ńlá àwọn àgbà, ìyẹn sọ ọ́ di 46, ẹni ọdún 65 ni lọ́jọ́ náà. Ẹni ọdún 44 ni ẹ́, ọjọ́ orí ẹ̀ lọ́jọ́ náà fi ọdún 21 ju tìẹ lọ, jọ̀ọ́ ronú sí i.

Ní February 2024 iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ẹ̀ já níbi tó ti ń ṣeré ìdárayá míì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni tó ti lé ní 66, tó lówó, tó ti gba gbogbo nǹkan tó ń gbà, ta ló máa bá a wí tó bá ní ó tó gẹ́ẹ́? Nígbà tó di May ó ti padà sórí pápá. Nígbà tó di November, nínú ìdíje tó kẹ́yìn ọdún náà ní Phoenix, bọ́ọ̀lù ẹ̀ jìnnà sí ihò bíi fíìtì 30 ní ihò ìkẹyìn, ó tì í, ó wọlé, ó fi ìgbá ẹyọ kan gba ife, ẹni ọdún 67. Mo wo fídíò yẹn títí dátà mi fi tán.

Wàá ní ara irin ló ní. Rárá o, wo ọ̀rọ̀ putting ẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ọwọ́ ẹ̀ ti máa ń gbọ̀n tó bá súnmọ́ ihò, wọ́n ń pe àìsàn yẹn ní yips, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, òun ló ti lé ọ̀pọ̀ pró, àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, kúrò nídìí iṣẹ́. Ní Ryder Cup 1991, ìdíje tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń bára wọn gbá, ní Kiawah Island, òun àti Hale Irwin yẹn náà ló kù lórí pápá, gbogbo Yúróòpù ń wò ó, fíìtì 6 péré ló kù fún un, kò wọlé, wọ́n pàdánù ife. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e gan-an ló gba ìdíje kan ní Jámánì nílé wọn. Ó ti yí ọwọ́ tó fi ń mú ọ̀pá padà lóríṣiríṣi, ó ti lo kúkúrú, ó ti lo èyí tó gùn tó gbé ti àyà. Nígbà tó di 2016 òfin jáde pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé ọ̀pá ti ara mọ́, àwọn èèyàn ní ó ti tán fún un. Ọ̀pá gígùn náà ló ṣì ń lò, ó kàn ń mú ọwọ́ òsì jìnnà sí àyà díẹ̀ ni, á fi gbá afẹ́fẹ́ wò, á tún fi gbá a wò, kó tó wá gbá bọ́ọ̀lù gan-an, kì í yí i padà. Ní 2017, ọdún kan péré lẹ́yìn òfin yẹn, ife ńlá àwọn àgbà mẹ́ta ló gbà.

Tí mo bá ń mọ ògiri tí mo rí i pé ìlà kan wọ́, mi ò ní wó ilé, ìlà tó wọ́ yẹn ni mo máa tú. Ìwọ fẹ́ wó ilé, Àkànní. Nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, o gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ sórí tábìlì, mo mú un mo yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìka ṣì le koko. Ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lápá ibi ìka kékeré ló ti lu, ihò tó lè gba àtàǹpàkò mi. Èmi tí mo ti ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun láti kékeré mọ̀ pé ibi tí ìbọ̀wọ́ bá ti ń já, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń yọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀pá ń yí lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o bá gbé e sókè, o wá ń fún un mọ́lẹ̀ jù kó má baà bọ́, ìyẹn náà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ fi ń ta pì tí o bá dé orí gríìn, koríko gígé tó yí ihò ká. O ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní báwọn ṣe máa mú ọ̀pá, ní kí ẹnì kan wo tìẹ náà. Àwọn pró tó dàgbà jù ẹ́ lọ wà ní Ilara yẹn, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi fóònù ya ẹ́ ní fídíò láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, má tijú, Langer tó gba Masters lẹ́ẹ̀mejì náà ní olùkọ́ tó ń wo swing ẹ̀, bó ṣe ń ju ọ̀pá.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn ọmọ kékeré ń gbá a jìnnà jù ẹ́ lọ, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n á máa gbá a jìnnà ni, ara wọn ṣì ń gbóná. Langer náà, wọ́n ń fi í sílẹ̀ lẹ́yìn. Ní Masters 2025, èyí tó fi dágbére fún wọn ní Augusta, pápá tí wọ́n ti ń gbá a, àwọn ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀ ń lo ọ̀pá kékeré láti wọ gríìn níbi tóun ti ń lo ọ̀pá ńlá, síbẹ̀ ìgbá ẹyọ kan ṣoṣo ló dí i lọ́wọ́ láti bá wọn gbá a dé Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹni ọdún 67!

Kí o má baà sọ pé èmi ń fi ẹnì kan tó yàtọ̀ sí gbogbo èèyàn tàn ẹ́, wo Steven Alker, ará New Zealand. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbá gọ́ọ̀fù kiri ayé, àwọn ìdíje kéékèèké ló ti ń rí ife, ẹni tí kì í bá ṣe onígọ́ọ̀fù ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó pé ọdún 50 ní July 2021. Oṣù tó tẹ̀lé e ló lọ gba ọ̀nà ìdánwò ọjọ́ Mọ́ńdè wọ ìdíje àwọn àgbà, kó tó di ìparí ọdún ó ti gba ife, nígbà tó di 2022 òun ló gba ife gbogbo ọdún náà pátá. Àti Vijay Singh ọmọ Fiji, ẹni yẹn ti mu nínú omi wa níbí, ó gba Nigerian Open ní 1988 ó tún gbà á ní 1989, kó tó dìgbà náà olùkọ́ gọ́ọ̀fù ni ní kíláàbù kan nínú igbó Borneo lọ́hùn-ún, ó ń kọ́ni lọ́sàn-án ó ń gbá tiẹ̀ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Nínú ife 34 tó gbà ní PGA Tour, ìdíje àwọn pró ní Amẹ́ríkà, 22 ló gbà lẹ́yìn tó ti pé ọdún 40. Ẹni ọdún 41 ni nígbà tó gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́wọ́ Tiger Woods. O ń gbọ́ mi? 41.

Mi ò ṣèlérí Amẹ́ríkà fún ẹ o. Mo mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà yẹn tín-ín-rín, èèyàn 78 ni wọ́n sábà máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ti gba ife ńlá láyé ọ̀dọ́ wọn ló ti gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tó ń ti ìta bọ̀ á jìjàdù ìwọ̀nba àyè tó kù. Fíísà wà ńbẹ̀, owó ọkọ̀ òfúrufú wà ńbẹ̀. Nǹkan tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́mọ ọdún 50 ni wọ́n máa bi léèrè pé ṣé ó fẹ́ lọ. Bí kò bá tiẹ̀ sí Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí o ń ṣe ní Ilara yẹn, àwọn lọ́yà àti àwọn ọ̀gá fáṣítì tí wọ́n ń bọ̀ láti Alágbàká àti FUTA wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, àgbà ni wọ́n ń wá, ẹni tó lè ní sùúrù fún wọn. Ọmọ ogún ọdún tó ń gbá a jìnnà yẹn ò lè kọ́ adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìwọ lè kọ́ ọ.

Owó alájẹṣẹ́kù yẹn, má fọwọ́ kàn án. Ìyàwó rẹ ló jù sínú ẹ̀ jù ẹ́ lọ, owó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sì wà níbẹ̀, tí mọ́tò bá wá bàjẹ́ lọ́nà Oǹdó, kí ni ẹ máa sọ fúnra yín? Tí o bá fẹ́ mọ́tò lóòótọ́, gba ti ẹlòmíì wà á kí o máa jíṣẹ́ owó fún un, láàárín ọjọ́ tí o ò bá ní akẹ́kọ̀ọ́, fún oṣù mẹ́fà, kí o fi mọ̀ bóyá ẹ̀yìn rẹ àti orúnkún rẹ gba ìjókòó yẹn. Èmi rò pé kò ní gbà á, mọ́tò wíwà ò ṣàánú orúnkún rárá.

Orúnkún yẹn gan-an ló jẹ mí lógún jù. Oògùn ìrora tí o ń lò láràárọ̀ kí o tó lọ sórí pápá, dáwọ́ ẹ̀ dúró títí dókítà á fi rí ẹ, oògùn yẹn ń bo ìrora ni, o ń fi orúnkún tó ti farapa gun òkè Ilara kiri láìmọ̀. Mo ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sibítù, wọ́n ní kí o wá Mọ́ńdè kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan. Owó ọjọ́ àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi, má jà mí níyàn lórí ìyẹn. Tí wọ́n bá fún ẹ ní eré ìdárayá tí wàá máa ṣe nílé, ṣe é láràárọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, Langer kì í fi ìtọ́jú ara ẹ̀ ṣeré, ohun tó gbé e dé 67 nìyẹn.

Pe ẹni tó fẹ́ ra ọ̀pá yẹn lónìí kí o sọ fún un pé o ò tà á mọ́, kó má lọ fi owó ránṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó di wàhálà. Aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè ni kí o bá mi ní Ọjà Ọba, níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì, ká jọ wọ mọ́tò lọ. Wọ ṣòkòtò tó máa rọrùn láti ká sókè, kí o sì mú káàdì ọsibítù rẹ àtijọ́ dání. Ìyá rẹ ní kí o mú àwọn ọmọ wá Sátidé, iṣu tuntun ti dé.

Èmi ni, bàbá rẹ.