Mótò Bàbá Rẹ Ti Tún Ń Yí

Kàkúrì, Kàdúná.
Ìparí oṣù Kejì.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo yín kú òtútù, nítorí mo gbọ́ pé ti Kánádà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa rárá. Ara Màmá le, ọjà sì ń tà fún wọn díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìkíni nìkan ni mo torí rẹ̀ mú bírò. Iṣẹ́ tí o rán mi nípa mótò iná tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, èyí tí a fẹ́ máa fi yí ẹ̀rọ ata Màmá, ni mo fẹ́ jábọ̀ rẹ̀ fún ọ, ohun tí mo sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tà á fún àwọn oní-gwangwan tó ń ra irin àlòkù mọ́, nítorí ó ti ń yí.

Ohun tí mo bá nínú yàrá ẹrù Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ jọ mótò mọ́. Fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìdérí tó yẹ kó bo fáànù náà kò sí níbẹ̀, púlì ti lọ pẹ̀lú irin kékeré tí àwọn tọ́nà tó ń gé irin ń pè ní kíì, tó máa ń dì í mú mọ́ ṣáfùtù, ìyẹn irin àárín tó ń yí, àpótí kàpásítọ̀, ohun tó ń ran mótò lọ́wọ́ láti gbéra, ṣófo, wáyà mẹ́rin sì yọ jáde nínú rẹ̀ láìní àmì kankan. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti ṣí pẹlẹbẹ irin tí wọ́n kọ agbára àti eré mótò náà sí kúrò, ihò méjì péré ló kù lójú ibẹ̀. Oní-gwangwan kan ti ń fi kìlò dá iye lé e nítorí kọ́pà inú rẹ̀. Oníṣẹ́ rìwáyà kan tí Màmá sì ti kọ́kọ́ pè sọ pé kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé sínú mótò, ti jóná, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tú gbogbo rẹ̀ dànù kí òun sì wé tuntun.

Èmi kò gbà. Kọ́ìlì tó jóná kì í fara pamọ́: fáníìṣì ara rẹ̀ á ti dúdú, á máa ṣí kúrò bí a bá fi èékánná ha á, òórùn rẹ̀ á sì ta sí ènìyàn nímú. Nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku tó ti di ìpele lórí tiwa, àwọ̀ oyin tó mọ́ ni mo rí, okùn tí wọ́n fi dì í kò sì tú níbì kankan. Àwọn oníṣẹ́ wa kan wà tó jẹ́ pé rìwáyà ni ìwòsàn gbogbo àìsàn lọ́dọ̀ wọn, owó iṣẹ́ náà ló sì ń ti wọ́n débẹ̀.

Mo wá fi mítà wọn àwọn wáyà mẹ́rin náà ní méjì méjì. Méjì fún mi ní ohm 1.7, méjì yòókù fún mi ní 4.2, kò sì sí ohun tó so àwọn méjì àkọ́kọ́ mọ́ àwọn tó kẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí o ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí ọ̀gá wa máa ń sọ: iná ilé onílà kan kò lè fúnra rẹ̀ gbé mótò kúrò lójú kan, nítorí òòfà rẹ̀ kàn ń lọ tó ń bọ̀ ni, mótò á máa kùn, kò sì ní yí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wé kọ́ìlì kejì sí i, tí wọ́n sì ń fi kàpásítọ̀ sójú ọ̀nà rẹ̀, kí iná inú rẹ̀ lè ṣíwájú ti kọ́ìlì ńlá, kí òòfà sì lè rí ọ̀nà yí po. Bí eré mótò bá ti tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, súìṣì kan nínú rẹ̀ á já kọ́ìlì kejì yìí sílẹ̀, kọ́ìlì ńlá á sì máa dá iṣẹ́ lọ. Wáyà tó fún mi ní ohm 4.2 ni ti ìgbéra, èyí tó kéré ni ti iṣẹ́.

Bí pẹlẹbẹ orúkọ kò tilẹ̀ sí mọ́, ara mótò náà ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo wọn gíga láti ilẹ̀ dé àárín ṣáfùtù, mìlímítà 90 ni. Ẹnu ṣáfùtù tí púlì ń wọ̀ jẹ́ 24, ojú ibi tí kíì ń wọ̀ sì jẹ́ 8. Ìwọ̀n yìí bá ti àwọn mótò tí wọ́n máa ń ṣe sí kílówáàtì 1.1 tàbí 1.5 mu, gígùn ara rẹ̀ sì mú kí n gbà pé 1.5 ni, ìyẹn 2 hp. Mo ka ọ̀wọ́ kọ́ìlì ńlá, ó jẹ́ mẹ́rin, èyí tó túmọ̀ sí pé lórí iná wa tó ń yí padà nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà rẹ̀ ń yí po nígbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, mótò fúnra rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e ní nǹkan bí 1440. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín tí iná ti ń lo 60 ni, òòfà kan náà á sáré dé 1800. Lára bíárìn, òrùka irin tí ṣáfùtù ń yí nínú rẹ̀, ni mo ti rí nọ́ńbà 6205, ìwọ náà ò ní gbàgbé pé ìlọ́po márùn-ún nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ni fífẹ̀ ihò rẹ̀, ìyẹn mìlímítà 25.

Ní ọjà Pańtẹ́kà ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ohun tó kù. Bíárìn tuntun méjì tí wọ́n fi rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni mo rà, nítorí eruku ìhín kì í jẹ́ kí èyí tó ṣí sílẹ̀ pẹ́. Mo rí fáànù oníke tó bá ṣáfùtù mu, tọ́nà gé kíì fún mi, ọmọ Hausa kan tó ń fi páànù ṣe àdògán sì bá mi ká ìdérí fáànù, ó lu ihò sí i bí mo ṣe yà á fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ dára ju ti ilé iṣẹ́ lọ.

Súìṣì ìjákọ́ìlì ni wàhálà wà. Apá méjì ló ní. Apá tó ń bá ṣáfùtù yí, tó ní irin wúwo kéékèèké méjì àti sípíríìnì, ṣì wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó dúró sójú kan lára ìdérí ẹ̀yìn, tí ẹnu rẹ̀ ń pàdé tó sì ń ṣí, ti di àwátì. Ọ̀nà àbùjá kan wà tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń gbà: wọ́n á fi bọ́tìnnì rọ́pò rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tan mótò á tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, á sì fi í sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kékeré tó ń ran Màmá lọ́wọ́ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, bí oníbàárà bá sì pe ọmọ náà nígbà tí ìka rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì, kọ́ìlì ìgbéra tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé yóò jóná kó tó yíjú padà. Nítorí náà ni mo ṣe wá a títí mo fi rí irú rẹ̀ lára mótò ẹ̀rọ omi kan tó ti kú. Mo fi sáńdípépà múlọ́múlọ́ ha ẹnu rẹ̀ títí ó fi ń dán, mo sì fi wọ́ṣà fẹ́lẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí ó lè pàdé dáadáa nígbà tí mótò bá dúró, kí ó sì ṣí gbangba nígbà tí mo bá fi ọwọ́ fa àwọn irin wúwo náà síta. Bí mótò bá ń gbéra báyìí, wàá gbọ́ "kẹ́" kan nínú rẹ̀. Bí o bá pa á tí eré rẹ̀ ń rọlẹ̀, wàá gbọ́ "kẹ́" kejì kí ó tó dúró. Mótò irú èyí tó bá dákẹ́ níbi méjèèjì, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí.

Kí n tó fi iná gidi sí i, mo fi mẹ́gà oní-volt 500, ẹ̀rọ tí a fi ń mọ̀ bóyá iná ń jò láti kọ́ìlì sí ara irin, wọn àárín wọn; bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó, àmọ́ kò tó megohm 1, nítorí òjò ti jò sí yàrá ẹrù náà. Mo sá a sóòrùn, mo sì ń ti gúlóòbù àtijọ́, irú èyí tó máa ń gbóná, bọ inú rẹ̀ lóru. Ọyẹ́ tó ń la ètè wa náà ràn mí lọ́wọ́; nígbà tí mo tún un wọ̀n, ó ti kọjá megohm 20.

Àbúrò rẹ ti ra kàpásítọ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, microfarad 50. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n irú èyí tó ń bá mótò ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni, kì í ṣe ti ìgbéra. Pẹ̀lú rẹ̀, mótò kàn ń kùn ni. Ti ìgbéra máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Pẹ̀lú 150, ó gbéra láìsí bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n bí a ti fi bẹ́líìtì kọ́ ọ ni ó ń lọ́ra. Pẹ̀lú 200, ó fò. Ọ̀nà òdì ló kọ́kọ́ yí sí, mo sì pààrọ̀ ẹnu wáyà méjì ti kọ́ìlì ìgbéra fún ara wọn, ó bọ́ sọ́nà. Púlì ínṣì 4 ni mo fi sí i, ti ẹ̀rọ ata Màmá sì jẹ́ 10, nítorí náà 1440 di nǹkan bí 576 níbi òkúta ìlọ̀. A da ẹ̀wà rírẹ sí i, iná tó ń fà kò ju ampere 9 lọ, ara rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí o bá mi tẹnu mọ́ fún Màmá nígbà tí o bá pè wọ́n ni ọ̀rọ̀ iná ìrọ̀lẹ́. Ní àdúgbò wọn, ó máa ń rọ dé volt 180, agbára ìgbéra mótò sì ń bá iná rọ ní ìlọ́po ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ní 180, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ló kù. Bí kò bá lè sáré dé ibi tí súìṣì ti ń ṣí, kọ́ìlì ìgbéra àti kàpásítọ̀ á máa jó lórí iná. Mo fura pé bí kàpásítọ̀ àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyẹn. Mo ti fi bíríkà tirẹ̀ sí i, mo sì ti so wáyà àásì mọ́ ara irin rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata kì í gbẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ tìrẹ ju tèmi lọ.

Owó tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́ fún ohun èlò, dá a dúró. Kàpásítọ̀ méjì ni kí o bá mi rà, nítorí èyí tó wà lọ́jà níhìn-ín, ó ṣòro láti mọ ojúlówó lára ayédèrú. Ti ìgbéra ni kí o béèrè, kí wọ́n kọ 189–227 microfarad àti volt 250 sí i lára, kí o sì fi lé ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ ní Kàdúná tàbí Àbújá lọ́wọ́. Mo lè lọ gbà á ní Àbújá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànbí.