Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ibi tí èso inú ìgò jáàmù wa ti ń wá, àti ìdí tí iye owó rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín kú ìgbà ìkórè. Láti bí oṣù kan ni ìbéèrè kan ti ń dé etí wa lemọ́lemọ́, yálà nídìí tábìlì wa ní ọjà ọjọ́ Sátidé níhìn-ín ní gúúsù London, tàbí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa. Ìbéèrè náà ni pé: blackberry, èso dúdú kéékèèké orí igi ẹlẹ́gùn-ún tó ń lalẹ̀ hù lẹ́bàá ọ̀nà, àti plọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà ní abọ́ kan pọ́n-ùn kan nígbà tí ọjà bá fẹ́ tú, kí ló dé tí ìgò jáàmù rẹ̀ fi di pọ́n-ùn 4 àti 50 pẹ́ńsì lọ́wọ́ wa? Ìbéèrè tó tọ́ ni, a kò sì bínú sí ẹni tó bi wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́. Ní England àti Wales, òfin olè jíjà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1968 sọ pé ẹni tó bá já èso tó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ kò jalè, bí ilẹ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé títà ló fẹ́ lọ tà á, òfin kò dáàbò bò ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òbí wa ṣe kọ́ wa nílé, pé ẹni tí ebi ń pa lè jẹ ìbẹ́pẹ kan nínú oko olóko, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì í sínú àpò lọ sọ́jà. Nítorí náà, ẹ̀yin lè gbé abọ́ lọ sẹ́bàá ọ̀nà kí ẹ já èyí tí ẹ ó fi se oúnjẹ tiyín. Àwa tí a ń tajà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo blackberry tí a ń tà ń wá láti inú igbó ẹlẹ́gùn-ún tó yí oko àgbẹ̀ kan ká ní Kent, ẹni tó fún wa ní ìwé àṣẹ, tí a sì ń sanwó fún lórí kílò kọ̀ọ̀kan. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ já èso ní Richmond Park tàbí àwọn ọgbà ọba yòókù, nítorí pé òfin ibẹ̀ kò gbà á, kódà fún jíjẹ lásán.)

Iṣẹ́ jíjá náà kò yá. Blackberry kì í pọ́n mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti já a, torí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń ṣà á, èyí tó bá sì kọ̀ láti jábọ́ nígbà tí a fọwọ́ kàn án, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. A kì í já èyí tó wà nísàlẹ̀ orúnkún, nítorí àwọn ajá tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí àwa méjì bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí ẹ̀gún ti ya wa lọ́wọ́, èyí tí a ń kó bọ̀ wálé kì í ju kílò 9 lọ, bí a kò bá sì sè é tàbí kó o sínú fírísà láàárín ọjọ́ méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu funfun bí òwú. Àwọn àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni já a mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé Sátánì ti tutọ́ sí i. Òótọ́ wà nínú ìkìlọ̀ yẹn: tí òjò àti òtútù bá ti dé, omi ló máa ń kún inú èso náà, adùn rẹ̀ á sì lọ.

Ní ti èso ọ̀pọ̀ tí à ń rà nígbà tí ọjà bá ń tú, a kò fi pa mọ́ pé à ń rà á, a sì fẹ́ràn láti máa rà á, nítorí pé ó dùn wá láti rí èso tó dára tí wọ́n ń dà nù kìkì nítorí pé kò ní lè di ọjọ́ Mọ́ńdè. Ní ọdún 1940, nígbà ogun, ohun tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Women's Institute ṣe nìyẹn káàkiri ilẹ̀ yìí: ìjọba fún wọn ní ṣúgà, wọ́n sì fi èso tí ì bá bàjẹ́ se jáàmù fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ní ìyà tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, a ra plọ́ọ̀mù kílò 10 lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Òkè páálí ń dán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Lẹ́yìn tí a ṣà á tán, tí a yọ kóró rẹ̀, kílò 6 ló kù, a sì ti lo ìrọ̀lẹ́ odindi kan lórí rẹ̀.

Nínú ìkòkò ni iṣẹ́ gan-an wà. Kílò èso kan àti kílò ṣúgà kan kì í fún wa ní kílò jáàmù méjì, nítorí pé omi inú èso gbọ́dọ̀ gbẹ kúrò. Nǹkan bí kílò kan àti gíráàmù 650 ló máa ń kù, èyí tí kò pé ìgò 5 tó ń gba gíráàmù 340. Ohun tó sì ń mú kí jáàmù dì, bí ẹ̀kọ ṣe ń dì nínú ewé nígbà tó bá tutù, ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní pectin. Ápù ní in lọ́pọ̀lọpọ̀, pàápàá nínú èèpo àti àárín rẹ̀; blackberry tó ti pọ́n jù kò ní in tó. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ápù Bramley, irú ápù kíkan tí a fi ń se oúnjẹ, lára ìgò blackberry wa. Kì í ṣe pé a fi ń bú mọ́ èso tó wọ́n. Òun ló ń di ìyókù mú. Nígbà tí tẹmomítà bá fi hàn pé ooru ti tó ìwọ̀n 105°C, a ó kán díẹ̀ sórí awo tó ti tutù nínú fírísà, a ó fi ìka tì í, bí ojú rẹ̀ bá hunjọ, ó ti jinná.

Ìgò 14 jáde lọ́wọ́ wa ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá tó ń ṣàn bí oyin. Òjò ti rọ̀ sórí èso náà fún ọjọ́ mẹ́ta kí a tó já a, àwa náà sì kánjú nítorí ọjà ọjọ́ kejì. Àṣìṣe wa ni, a sì tọrọ àforíjì. A dá owó padà fún gbogbo ẹni tó mú tirẹ̀ wá, láti ìgbà náà wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń dán ìkòkò kọ̀ọ̀kan wò lórí awo tútù kí a tó rọ ọ́ sínú ìgò.

Nínú pọ́n-ùn 4 àti 50 pẹ́ńsì yẹn, èso gba 90 pẹ́ńsì; ìgò, ìdérí àti ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn gba 85; ṣúgà àti gáàsì gba 60; owó tábìlì ọjà àti ìbánigbófò gba 75. Pọ́n-ùn 1 àti 40 pẹ́ńsì tó kù ni owó iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Àwọn kan lára yín, pàápàá àwọn tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ, ti ní kí a dín ṣúgà jáàmù kù. Òfin ọdún 2015 ní England béèrè pé kí ohun tó yọ́ sínú jáàmù, tí ṣúgà pọ̀ jù nínú rẹ̀, má dín ní ìdá 60 nínú 100, ṣúgà yìí kan náà ni kì í sì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ohun tí a lè ṣe fún yín ni crumble. Èso la máa ń tẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, a ó wá fi ìka pa bọ́tà tútù pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun àti ṣúgà títí yóò fi rí wóróworó bíi gàrí, a ó sì wọ́n ọn sójú èso náà. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí bọ́tà àti ṣúgà ṣọ̀wọ́n, ni oúnjẹ yìí gbilẹ̀ níhìn-ín, nítorí náà kò ṣòro láti dín ṣúgà rẹ̀ kù bí ẹ bá sọ fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ kó o sínú ófìnnì ní 180°C fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tí àlìkámà tàbí mílíìkì kì í bá lára mu, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka ìwé ara rẹ̀. A kọ wọ́n ní lẹ́tà tó nípọn, gẹ́gẹ́ bí òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ti pàṣẹ.

Láti Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá, jáàmù blackberry yóò tán títí di oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀. Plọ́ọ̀mù àti ápù ni a ó máa tà. Ẹ bá wa dá àwọn ìgò òfìfo padà, a ó yọ 30 pẹ́ńsì fún yín lórí èyí tí ẹ bá rà. Ìdérí àtijọ́ kò wúlò fún wa, nítorí pé kì í lè dé pinpin lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ìgò tí kò bá ti sán, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kí a tó tún lò ó.

Àwa tiyín ní tòótọ́,
Àwọn tó ń se jáàmù yín